Ohùn Tí Mo Kọ́kọ́ Gbé Dé Ẹnu Géètì Káńsù

Ó tó ọdún mẹ́jọ báyìí tí a rìn lọ sí káńsù láti fẹ̀hónú hàn. Ìyàwó mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sípò nínú ẹgbẹ́ wa máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tí àwùjọ fi ń dákẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ.

Ẹ̀yìn Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, ni sọ́ọ̀mìlì wa wà, níbi tí a ti ń la gẹdú sí pákó. Káńsù kọ lẹ́tà pé ká kó kúrò láàárín ọjọ́ méje. A kò ní ibòmíràn tí a lè gbé ẹ̀rọ lọ. Ẹgbẹ́ ní kí èmi ọmọ Iléṣà lọ gbẹnu sọ fún wọn, torí èmi ni mo ka lẹ́tà náà fún wọn. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

A kì í sọ̀rọ̀ ní sọ́ọ̀mìlì, igbe la máa ń ké, kí ariwo ayùn má bàa bo ohùn wa. Ó ti wọ̀ wá lára. Nílé gan-an, ọmọ mi a máa bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ ń bá jà?"

Ohùn yẹn ni mo gbé lọ. Wọ́n ti géètì. Mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, mo ní, "A kò ní lọ síbì kankan. Ẹ jáde wá gbọ́ tẹnu wa." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí wọ́n jáde wá bá wa sọ̀rọ̀. Ìjà ni àwọn ènìyàn wa gbọ́. Wọ́n rọ́ lu géètì. Apá kan rẹ̀ yọ, ó sì fún Ráṣákì, tó máa ń gbé gẹdú sẹ́nu ayùn, mọ́ ògiri. Apá ọ̀tún Ráṣákì kán. Bí wọ́n ṣe ń fà á jáde, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ káńsù gbé ìbọn sókè.

Ìyàwó mi, tó bá wa rìn lọ, fà mí láṣọ láti ẹ̀yìn.

"Bàbá Bísí, ta ló tan ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀rọ wo?"

"Tí kò bá sí ẹ̀rọ, kí lẹ ń pariwo sí? Ẹ gbé nǹkan yìí fún mi. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ bá ti sùn."

Ó gba gbohùngbohùn náà lọ́wọ́ mi. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ní sọ́ọ̀mìlì wa, ẹni tó bá rí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, torí ọwọ́ ẹnìkan lè wà lẹ́nu ayùn. Wọ́n dúró. Mo wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ń sinmi lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nídìí géètì kò gbọ́ mi.

"Kí ló wí?"

"Dákẹ́ ná, jẹ́ ká gbọ́."

Wọ́n fi géètì sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ mi. Àwọn ọlọ́pàá darí ẹnu ìbọn wọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, akọ̀wé káńsù náà jáde, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ." Mo tún un sọ. N kò gbé ohùn sókè.

Wọ́n fún wa ní ọdún kan dípò ọjọ́ méje. A rí ilẹ̀ sójú ọ̀nà Iléṣà kó tó pé. Ibùdó wa àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì tẹ̀ lé wa. Ráṣákì kò lè gbé gẹdú mọ́. Mọ́ṣáláásí kan ló ń ṣọ́ ní Alẹ́kùwodò. Géètì káńsù ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Èmi mọ̀ pé ohùn mi ló ti Ráṣákì lọ sídìí géètì náà.

N kò tíì sọ fún un. A máa ń kíra wa lójú títì.

"Ṣé àlàáfíà ni?"

"Alhamdulilahi, ọ̀gá mi."

Mo mọ ohùn tó yẹ kí n fi sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ni kò tíì gbé mi dé mọ́ṣáláásí tó ń ṣọ́.