Wolé-wolé Tó Gbá Odò Mọ́

Akínyẹlé Bámgbóyè, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, dákẹ́ ní ilé rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, nínú oṣù Èrèlé ọdún 1958. Kò sí ẹni tó gbọ́ tí kò kẹ́dùn, kò sì sí ẹni tó kẹ́dùn tán tí kò béèrè pé, "Ṣé èyí tó gbá odò mọ́ ni?" Òun náà ni.

Ní 1954, ìjọba ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọjú wo ìkòkò omi àwọn ará Adó, tó ń wá tanwíji tí í di ẹ̀fọn. Nígbà tó padà sílé ní Ìgèdè tí kò rí ìkòkò ẹni tí yóò yọjú wò mọ́, ó wọ ṣòkòtò kakí rẹ̀, ó lọ yẹ odò wò.

Àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Níbi tí odò ti ká bí apá tó di kọ́rọ́, omi ti ya wọ inú koríko, ó dúró jẹ́ẹ́ láàárín àwọn igi tó wó. Àwọn nǹkan kéékèèké ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó nàró, ó ní, "Tanwíji."

Ìyá Àdùnní, olórí àwọn obìnrin tó máa ń gbọ́n odò lẹ́ẹ̀rùn láti kó ẹja, wà nítòsí. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ẹja nìyẹn."

"Ọmọ ẹja wo ní ń gbé inú ìdọ̀tí?"

"Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń bí ẹja ní Adó?"

Bàbá pàṣẹ pé kí ó gbá odò mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyá Àdùnní rọra béèrè pé inú yàrá ta ni kí òun da ẹrẹ̀ rẹ̀ sí.

Ni Bàbá bá gba alágbàṣe. Wọ́n ṣán koríko, wọ́n wọ́ igi kúrò, wọ́n la ojú omi gbọọrọ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́rọ́ náà kọjá. Bàbá ní, "Omi gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ." Nígbà tí òjò gidi dé, omi mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó gbé ọmọ ẹja lọ, ó sì gbé oko ilá Bàbá tẹ̀lé e.

Ní ẹ̀rùn, àwọn obìnrin gbọ́n odò títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n. Akàn ni wọ́n rí, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Fọláṣadé, ìyàwó Bàbá, wà lára wọn. Ẹja tó bá yan tó sì tà ní Ọjà Ọba ló fi ń rán Ayọ̀kúnlé ọmọ wọn ní ilé ìwé girama. Bàbá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀: àwọn ẹja onídọ̀tí ni ojú tì tí wọ́n sá lọ, àwọn tó mọ́ ń bọ̀.

Ní oúnjẹ ọ̀sán, ó tú ọbẹ̀ wò. "Ìyá Ayọ̀kúnlé, ẹja dà?"

"Ó ń bọ̀. Èyí tó mọ́ ni mò ń dúró dè."

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá jẹ ẹ̀fọ́ lásán títí ẹ̀rùn fi ń lọ sópin. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, Fọláṣadé kó igbá ọjà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bí òjò yìí bá tún gbá ọmọ ẹja lọ, Ayọ̀kúnlé yóò kúrò ní ilé ìwé. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, n óò mú un lọ sílé bàbá mi, níbi tí odò ti dọ̀tí."

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú rí Bàbá nínú omi, tó ń fi òkúta dí ojú tó là, tó ń wọ́ igi padà, tó sì ń gbin koríko.

"Bàbá, ṣé ẹ ń tú iṣẹ́ yín ká ni?" ni Ìyá Àdùnní wí.

"Rárá. Ilé ìgbẹ̀bí ẹja ni mò ń kọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́: omi tó ń sáré kò lè tọ́ ọmọ, ó gbọ́dọ̀ kún wọ inú koríko kí ó sì dúró, kí àwọn ọmọ ẹja lè jẹun kí wọ́n lè sá pamọ́, títí wọn yóò fi tó odò gbé. Ìyá Àdùnní tẹ́tí sí i dé òpin, ó sì kí i kú ọgbọ́n.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣẹ́ igi níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti bá ìlú jà nítorí ẹ̀gbin wá ń jágbe mọ́ àwọn tó fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Ẹja padà, díẹ̀díẹ̀. Ayọ̀kúnlé jókòó ti ìwé rẹ̀. Bàbá kò fìgbà kankan sọ pé òun ṣe àṣìṣe, ìyàwó rẹ̀ kò sì béèrè.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Ìyá Àdùnní wá kí i. Bàbá béèrè pé, "Odò ńkọ́? Ṣé ó ṣì dọ̀tí?"

"Ó dọ̀tí dáadáa, Bàbá."

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì yí ojú sí ògiri láti sùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn obìnrin yóò gbọ́n odò fún oúnjẹ àwọn àlejò. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn kò ní fi ẹsẹ̀ kan omi kọ́rọ́ náà. Ìsìn ìsìnkú yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.