Ojú Fèrèsé Ni Mo Ti Ya Fọ́tò Ìsọmọlórúkọ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ mi lórúkọ. Ó ti ń yún mi lẹ́nu láti ọjọ́ náà. Àwọn kan ti rí fọ́tò náà lórí ìkànnì mi, wọ́n ní ó dára gan-an. Ẹ ṣeun o! Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí mo fojú rí kí n tó rí i yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé fọ́tò yíyà ni mo fi ń jẹun ní Òkìtìpupa. Kámẹ́rà mírọ́lẹ́ẹ̀sì ni mò ń lò, irú èyí tí kò ní dígí nínú. Bí fọ́tò náà yóò ṣe rí gan-an lo máa rí nínú ojú kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ kó o tó tẹ bọ́tìnì. Ọkọ mi máa ń sọ pé òun àti kámẹ́rà ni mo jọ fẹ́. N kì í jiyàn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí kò dúró. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ kò tíì pé tó fi lọ. Nílé ọkọ mi ní Ìkọ̀yà, wọn kì í ya ọmọ tí kò tíì lórúkọ ní fọ́tò. Èmi tí mò ń ya ọmọ ọlọ́mọ káàkiri, n kò ní fọ́tò ọmọ tèmi, ẹyọ kan péré! Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ irú ìrora yẹn?

Nígbà tí mo wá bí èyí, wọ́n tún ní kí n má yà á. Mo gbà. Àmọ́ mo pinnu lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí, lójú ẹsẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní fọ́tò. Èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ yà á.

Wàhálà wá wà níbẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì títí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ìyá ọkọ mi ló máa gbé ọmọ wọlé, ọkọ mi á dúró tì wọ́n níwájú pẹpẹ, èmi á wà níta bí àlejò. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ tí mo bí!

Mo lọ bẹ Olùṣọ́ ìjọ wa. Bàbá rò ó títí. Wọ́n ní àwọn gbà kí n dúró lójú fèrèsé níta, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ rí iná fláàṣì, àwọn ò sì fẹ́ gbọ́ kà-kà-kà nígbà àdúrà. Mo ní kò séwu, sà. Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n bá mi yọ méjì lára gíláàsì fèrèsé náà kí ẹnu lẹ́ńsì mi lè ráyè.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo lọ dán an wò lọ́sàn-án. Mo fi lẹ́ńsì gígùn sí i, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí. Mo yí kámẹ́rà sí sáílẹ́ǹtì kó má baà dún rárá. Gbogbo nǹkan mọ́ kedere. Mo padà sílé, mo jẹ púpurú mi, ọkàn mi balẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ló fẹ́ kó bá mi!

Lọ́jọ́ kejì, òjò ṣú. Àárọ̀ ni, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ìrọ̀lẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ mi na ọwọ́, wọ́n gba ọmọ, wọ́n gba báàgì ọmọ, èmi sì ń nu lẹ́ńsì. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìyá Ìkókó, kámẹ́rà lo bí ni àbí ọmọ?”

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màámi, àwọn méjèèjì ni mo bí.”

Wọ́n pòṣé. “Ó dáa. Tí kámẹ́rà bá ń sunkún, kó o fún un lọ́yàn.” Wọ́n yí sùtánà wọn, wọ́n wọlé lọ.

Mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi fèrèsé. Nítorí òkùnkùn òjò, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo gílóòbù LED inú ṣọ́ọ̀ṣì sì tàn yòò. Mo fi ojú sí kámẹ́rà. Yéè! Ìlà! Ìlà dúdú, ìlà funfun, láti òkè délẹ̀ fọ́tò, wọ́n tún ń rìn! Pẹpẹ ní ìlà. Ọkọ mi ní ìlà. Ọmọ mi ní ìlà!

Mo rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Mo nu lẹ́ńsì, mo pa á, mo tún un tàn. Ìlà ṣì wà.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ọjọ́ tí mo dán an wò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni mo lò, kò sí gílóòbù kankan tó tàn. Àwọn gílóòbù yìí máa ń ṣẹ́jú, ó kàn yá débi pé ojú ènìyàn ò lè rí i ni. Tí kámẹ́rà bá sì wà ní sáílẹ́ǹtì, díẹ̀díẹ̀ ló ń ka àwòrán láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá gílóòbù tó ṣẹ́jú, á dúdú. Ibi tó bá èyí tó lajú, á funfun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo ṣèlérí fún Olùṣọ́ ló ń ba fọ́tò mi jẹ́!

Kí ni kí n ṣe? Mo rò pé orin á bo ohùn rẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò ní sáílẹ́ǹtì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Kà! Àṣé orin ti parí, Olùṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí ẹni fọ́ àwo ni!

Olùṣọ́ dá àdúrà dúró. Gbogbo ìjọ yí ojú sí fèrèsé. Bàbá ò pariwo. Wọ́n rọra sọ pé bí àwọn bá tún gbọ́ ìyẹn, kí wọ́n ti fèrèsé náà pa. Ìyá kan tó ń bójú tó ìjókòó dìde, wọ́n wá dúró gbagidi síwájú mi. Sùtánà funfun nìkan ni mo ń rí.

“Ìyá Ìkókó, ṣé o gbọ́ ohun tí Bàbá sọ?”

“Mo gbọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sún díẹ̀. Ọmọ mi ni.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n sún.

Mo dá a padà sí sáílẹ́ǹtì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnì tó ń darí ìyára rẹ̀, kó má yára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo yí i, ìlà náà fẹ̀. Mo tún yí i, ó ṣá. Nígbà tó dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó pòórá! Ọlọ́run ṣeun! Àmọ́ tí kámẹ́rà bá lọ́ra báyẹn, ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ á ba fọ́tò jẹ́. Mo tú gèlè mi, mo ká a sórí irin fèrèsé, mo gbé lẹ́ńsì lé e. Mo tan bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó mì.

Ó ku ọ̀kan. Ògiri funfun, aṣọ funfun, gbogbo rẹ̀ funfun. Kámẹ́rà rò pé iná ti pọ̀ jù, ló bá sọ ojú ọmọ mi di èédú. Mo yí bọ́tìnì àlékún ìmọ́lẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ.

Bí mo ṣe ní kí n mí, ọmọ bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mú mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Omi ọyàn ya, ó rin aṣọ mi gbindin. N kò lè lọ gbé e. N kò lè nu ara mi. Bátìrì wá ń tan iná pupa!

Ohun tí kámẹ́rà yìí máa ń fi dá ènìyàn lágara nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí o bá ń wo inú rẹ̀ ló ń jẹ iná, bí o ò tiẹ̀ ya nǹkan kan. Mo kó ọwọ́ sápò kí n mú bátìrì kejì. Kò sí! Níbo ló wà? Inú báàgì ọmọ, láàárín nápí, níbi tí mo fi í sí kí n má baà gbàgbé rẹ̀! Báàgì yẹn wà lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ mi níwájú pẹpẹ. Mo rọra pe ìyá olùtọ́jú ìjókòó, wọ́n fi ìka lé ètè.

Mo bá pa kámẹ́rà. Mo mọ ìlànà wa: omi, iyọ̀, oyin, lẹ́yìn náà orúkọ. Mo ní kí n máa fetí ṣọ́ ọ. Ojú lásán ni mo wá fi ń wo ọmọ mi láàárín gíláàsì. Mo rí i tí wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu. Ẹkún dá. Ó ń lá ètè rẹ̀. Ọkọ mi ń fi apá sùtánà nu ojú. Ká ní kámẹ́rà wà lójú mi ni, bátìrì pupa nìkan ni ǹ bá máa wò.

Olùṣọ́ gbé ọwọ́ sókè. Mo tan kámẹ́rà. Ó ní kí òun rọra jí! Mo ń bẹ̀ ẹ́: jọ̀ọ́, jí, jí, jí! Ohùn Bàbá jáde: “Ìtùnúolúwa!”

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún, n kò sì mọ̀ bóyá ó ń yà. Àfi bí mo ṣe rí i tí ìyá ọkọ mi yí padà lójijì! Mo ń sọ ọ́ sínú pé Màámi, ẹ má yí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́! Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Bátìrì ti kú.

Òjò bẹ̀rẹ̀, mo dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ìsìn fi parí. N kò lè gbàdúrà. Bí wọ́n ṣe jáde, mo gba ọmọ, mo fi ọyàn sí i lẹ́nu, mo ń fi ọwọ́ kejì tú báàgì. Mo ki bátìrì bọ kámẹ́rà. Fọ́tò àkọ́kọ́, èjìká ọkọ mi ni. Ìkejì mì. Ìkẹta…

Gbogbo ènìyàn kọjú sí pẹpẹ, ẹ̀yìn wọn funfun báláú. Ìyá ọkọ mi nìkan ló kọjú sí fèrèsé. Wọ́n gbé Ìtùnú sókè sí mi, ojú ọmọ là, oyin ń dán létè rẹ̀. Kò sí ìlà kankan. Kò mì. Ó mọ́ kedere!

Mo bi wọ́n pé Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí pẹpẹ?

Wọ́n ní, “Ṣé kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí ìyá rẹ̀ má rí ojú rẹ̀ ni?” Wọ́n ṣí agbòjò lé wa lórí. “Jẹ́ ká máa lọ, òjò ń pa ọmọ.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò gan-an ni kẹ́ ẹ fi dán kámẹ́rà yín wò. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ bọ́tìnì rẹ̀ láìwò ó. Ara yín ni kí bátìrì kejì wà, kó má wà nínú báàgì ẹnikẹ́ni! Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ dá dúró síta, ẹ wòye dáadáa, ẹnì kan lè ti máa yíjú sí yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ni fọ́tò tí ẹ kò lè fi ṣeré nílé yín? Ta ló yà á, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.