Ọjọ́ Tí A Kúrò Ní Abà Kí Wọ́n Lè Kà Wá

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì níṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jà fún ìlú lónìí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Etí adágún tí ìjọba sé lẹ́yìn Emùré ni abà wa wà. Ilé mẹ́ta péré ni mo bá níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn apẹja dé, àwọn olóko kókó àti ẹ̀gẹ́ dé, ọmọ wẹẹrẹ sì kún gbogbo ojúde. Àmọ́ a ò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀kadà ló ń gbé obìnrin tó bá ń rọbí lọ sí Emùré, orí ọ̀nà yẹn sì ni ọmọ-ọmọ Ìyá Sikirú, aládùúgbò mi, kú sí.

Ìjọba wá kéde pé àwọn yóò ka ènìyàn, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí. Èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀, mo ń lọ láti ilé dé ilé. Mo ní kí gbogbo wa lọ sílé, ní Emùré, kí iye ìlú wa má baà kéré. Ìyá Sikirú nìkan ló bi mí léèrè.

"Tíṣà, bí wọ́n bá kà wá ní ulé, ta ni wọ́n á rí kà níhìn-ín?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ta ló ń fẹ́ kí wọ́n ka òun sóko?"

Kò bá mi jiyàn. Ó tilẹ̀kùn rẹ̀, ó gun ọ̀kadà bíi ti gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí ètò ilé ìwòsàn náà jáde tí orúkọ abà wa kò sí níbẹ̀, a kó ewé lọ́wọ́, a wọ́ lọ sí kánsù. Obìnrin ọ̀gá kan jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì ṣí ìwé.

"Bàbá, àwọn tó wá kà yín ò bá ẹnì kankan. Ta ló ní kí ẹ lọ?"

Ìyá Sikirú wò mí, ó sì yíjú sí obìnrin náà.

"Àwa la lọ fúnra wa."

A jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́ títí wọ́n fi gbà láti tún ọ̀nà wa ṣe. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Emùré ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ti lóyún á kó ẹrù, á gba ọ̀nà tuntun náà lọ, kì í sì í padà. Ìyá Sikirú náà bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, ó wọ́.

Èmi nìkan ló ń gbé etí omi báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ aṣọ pé mo fẹ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Sikirú. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Emùré, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, mo sì padà.