Òṣùpá Kò Yẹ̀ Nípò Rẹ̀

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń lọ sí yunifásítì, gbé díìṣì tẹlifíṣàn méjì wá sí agboolé wa l'Óníyanrìn. Ó kan ọ̀kan mọ́ ògiri ilé mi, ó kan èkejì mọ́ ti Ìyá Àgbà, opó àbúrò bàbá mi. Ó ní òṣùpá ń rán ìró rédíò jáde tọ̀sán-tòru, etí wa ni kò gbọ́ ọ. Ìró náà yóò dé díìṣì kan kó tó dé èkejì. Ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ni yóò fi ṣírò ibi tí òṣùpá wà gan-an.

Ìyá Àgbà ń wò wá lẹ́nu ọ̀nà. “Tíṣà, òṣùpá lẹ̀ ń wá lọ́sàn-án gangan? Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i.”

Ìṣirò náà dọ́gba títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, òṣùpá ń yà kúrò níbi tí ìwé sọ pé ó yẹ kó wà, ojoojúmọ́ ló sì ń yà sí i. Mo ní kí ọmọ náà tún un ṣe, bí mo ti máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó tún un ṣe, ó pààrọ̀ wáyà, òṣùpá tún yà. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wo ilé Ìyá Àgbà lọ́ọ̀ọ́kán.

“Bàbá, òṣùpá ò yẹ̀ o. Ògiri Màmá ló ń yẹ̀.”

Ilé alámọ̀ ni. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, a máa ń fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó bá là lára ògiri náà, a ó sì kùn ún lọ́dà funfun. Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo gbá ògiri náà. Ó dún bí igbá òfìfo.

A bẹ Ìyá Àgbà kó jáde. Ó kọ̀.

“Ọkọ mi wà lábẹ́ yàrá yìí. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún? Òṣùpá ló wá ń rojọ́ ilé mi fún yín báyìí?”

Òjò ti ṣú bo òkè Mápó. Ọmọ náà gbé búta àlùwàlá àti ẹní ìkírun Ìyá Àgbà, ó sáré kó wọn wá sí pálọ̀ mi. Ìyá Àgbà tẹ̀lé e tìbínú-tìbínú. “Olè òṣùpá, gbé búta mi wá. Àkókò Ásárì ti tó.”

Òjò ká a mọ́ ọ̀dọ̀ mi, ó sì kírun níbẹ̀. Orí ìforíkanlẹ̀ ló wà nígbà tí ilẹ̀ mì. Nígbà tí a ṣí fèrèsé, páànù òrùlé ilé rẹ̀ ló wà nílẹ̀, erùpẹ̀ pupa ti bo yàrá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí. Kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Òkìtì tó bo ọkọ rẹ̀ ló máa ń wò ṣáá. A ti kan díìṣì kejì mọ́ ilé mìíràn nínú agboolé. Òjò ọdún yìí dé, òṣùpá sì ti tún ń yà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n: bí ìṣirò yín bá kọ̀ tí kò dọ́gba, ẹ má tíì bá ojú ọ̀run wí. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé wò.