Òdo Tí Wọ́n Fún Gbogbo Wa ní Yaba

Ọdún tí àwọn olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti inú ìyanṣẹ́lódì gígùn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ wa ní Yaba. Èmi ni alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ń ṣàlàyé máàkì fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látilẹ̀wá. Ìjà la fi gbà á.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Dókítà la máa ń pè wọ́n, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ohun tí kò bá yé wa, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ní Sábó la ti ń lọ kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ti kàwé jáde ní ẹ̀ka wa ṣáájú wa, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà le jù, orúkọ oúnjẹ ni wọ́n fi ń pe àwọn iye inú ètò tí wọ́n bá ń kọ́ wa: iye àkọ́kọ́ nínú ètò a máa jẹ́ ẹ̀wà, èkejì gààrí, èyí tó bá jáde níkẹyìn, epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe kọ ọ́ nínú ìdánwò. Kò tiẹ̀ sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn pé ó yẹ kó yí i padà.

Dókítà bá rí ẹ̀wà nínú iṣẹ́ gbogbo wa. Wọ́n ní a jíwèé wò, ni wọ́n bá fún gbogbo wa ní òdo.

Ti Ràṣídà ló ká mi lára jù. Ọmọ Mushin ni, bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò lé e kúrò ní ẹ̀ka náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ jókòó pa sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Dókítà. Inú ń bí àwọn kan gan-an.

"Alága, ẹ jẹ́ ká ti géètì pa."

"Tá a bá ti géètì pa, ọ̀rọ̀ géètì ni wọ́n máa sọ. Ta ló máa rántí máàkì?"

Wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Dókítà yọjú. "Ẹ̀wà, gààrí, epo. Ṣé búkà ni mo ní kí ẹ ṣí ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo ní, "Sà, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tótó, ó ṣe bí òwe."

Wọn ò ní kí n rí òmíràn pa. Ojú wọn le koko. Ibẹ̀ ni Ràṣídà ti kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà la ti kọ́ ọ. Ẹ fún mi ní ìbéèrè mìíràn, kí n ṣe é lójú yín."

"Tó ò bá rí i ṣe ńkọ́?"

"Màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, sà."

Wọ́n mú un wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Àwa tó kù dúró síta. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Dókítà ló kọ́kọ́ jáde.

"Ó tún pè é ní ẹ̀wà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ètò tó kọ ṣiṣẹ́. Gbogbo yín máa tún un ṣe lọ́la, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ràṣídà pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù: "Bàbá, wọn ò ní lé mi mọ́." Mo ń gbọ́ tí bàbá ń ṣe "Alihamdulilai" léraléra.

Ọ̀pọ̀ wa yege. Àwọn díẹ̀ tó jíwèé wò lóòótọ́ ò rí i ṣe, ẹnu mi ò sì gbà á láti gbèjà wọn. Láti ìgbà náà ni Dókítà ti ń sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni ní máàkì. Ìyẹn la rí gbà.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé la pàdánù. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ilé ẹ̀kọ́ máa ní àwọn ń kọ́ ọmọ lólè, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Títí di òní, ilé ẹ̀kọ́ ò sọ fún wọn pé wọn ò jẹ̀bi. Tí ẹ bá tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ ní kí ilé ẹ̀kọ́ bẹ Ẹ̀gbọ́n Kúnlé.