Ọwọ́ Òsì Tí Mo Tú

Èmi náà ni wọ́n tún ní kó lọ kúnlẹ̀ o! Èmi! Kí n kúnlẹ̀ síwájú kíláàsì, níṣojú àwọn ọmọ tí mò ń nu imú fún, kí n sọ fún ìyá tó ni ilé-ìwé pé "Mọ́mì, ẹ má bínú." Ìyá mi ní kí n lọ. Pásítọ̀ ní kí n lọ. Àwọn tá a jọ ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn ò mọ ìdí ọ̀rọ̀ rárá, àwọn náà ní kí n lọ, pé ẹnu mi ti mú jù. Ó dáa. Ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó bá wọn dá sí i.

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mò ń kọ́. Mi ò lọ yunifásítì. Poli tó wà nílùú wa níbí gan-an, irun àwọn ọmọ ibẹ̀ ni mò ń dì, mi ò wọ kíláàsì wọn rí. Ìwé tí mo mọ̀ ọ́n kà yìí, orí fóònù ni mo ti kọ́ ara mi. Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ máa ran tíṣà lọ́wọ́, pé Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣe é, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, mo sáré lọ. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́ wa, Sà là ń pè wọ́n. Tó bá wá di àárín ọ̀sẹ̀, kálukú á lọ máa kọ́ṣẹ́ láàárọ̀ nílé-ìwé tí Sà bá fi í sí. Òfin kan ló wà níbẹ̀: tí ilé-ìwé tí wọ́n fi ẹ́ sí bá lé ẹ, ẹ̀kọ́ ẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọn ò ní wá òmíràn fún ẹ.

Jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan lọ́nà Sékọ́nà ni wọ́n fi mí sí. Ìyá tó ni ilé-ìwé yẹn ló ń kọ́ kíláàsì wa fúnra wọn, Mọ́mì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Èmi ni mò ń gbẹ́ pẹ́ńsù, èmi ni mò ń mú ọmọ lọ tọ̀, èmi ni mò ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan tó sọ nù sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Tó bá dọ̀sán, mo máa wọ kẹ̀kẹ́ lọ ṣọ́ọ̀bù, màá dirun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ń rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí tó dẹ̀ ń wọ̀ mí lára.

Ọmọ yẹn wá dé. Ọmọbìnrin kékeré, ìyá ìyá ẹ̀ ló ń gbé e wá lórí ọ̀kadà láti ọ̀nà Ara, wọ́n ń dáko níbẹ̀. Ọwọ́ òsì lọmọ yẹn ń lò. Tẹ́ ẹ bá fún un ní ṣọ́ọ̀kì, ó máa ya adìẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, adìẹ gidi, tó níyẹ̀ẹ́, tó ní èékánná. Bí Mọ́mì ṣe rí i, wọ́n ní, "Háà! Òsì kẹ̀?" Ọjọ́ kejì, ìyá àgbà mú gèlè àlòkù kan wá. Wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi fi so ó. Bá a ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn." Mọ́mì ká gèlè mọ́ ọwọ́ yẹn, wọ́n so ó mọ́ ìbàdí ọmọ, wọ́n wá ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Àtìgbà yẹn lọmọ ò ti sọ̀rọ̀ mọ́. "A" tó bá kọ, ṣe ló máa ń dà bíi kòkòrò tí wọ́n tẹ̀ pa. Ó dẹ̀ ń tọ̀ sára, torí kò lè fi ọwọ́ kan bọ́ pátá. Èmi ni mò ń pààrọ̀ ẹ̀ fún un.

Sátidé kan, Sà fẹnu ara wọn sọ fún wa pé ọmọ tó bá ń lo òsì, ká má fipá mú un. Ká gbé e jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì lápá òsì, kí ìgúnpá ẹ̀ má baà máa gbá ẹnì kejì, ká fi í sílẹ̀ kó máa kọ̀wé ẹ̀. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ kí Mọ́mì, mo rọra sọ ọ́. Mo rọra o! Èmi tí wọ́n ń pè ní oníjàngbọ̀n.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. "Sà yín? Ṣé Sà yín ló máa fẹ́ ẹ tó bá dàgbà? Tó bá fi òsì gbé oúnjẹ fún ìyá ọkọ, Sà yín ló máa wá jẹ ẹ́ àbí?"

"Mọ́mì, ìwé ló fẹ́ kọ mà. Kò tíì fẹ́ gbé oúnjẹ fún ẹnì kankan."

"Ìwọ náà ò tíì lọ́kọ, ìdí tó ò fi mọ̀ nìyẹn. Máa gbẹ́ pẹ́ńsù ẹ."

Mo gbẹ́ pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n tí Mọ́mì bá ti lọ sí ọ́fíìsì wọn, màá tú gèlè yẹn. Bàtà wọn máa ń dún kò kò kà. Tí mo bá ti gbúròó ẹ̀, màá so ó padà, màá so ó dẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kọ orúkọ ara ẹ̀. Adìẹ ẹ̀ gan-an bímọ, ó ya àwọn ọmọ adìẹ tẹ̀ lé ìyá wọn.

Ọjọ́ tí Sà wá wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀ bàjẹ́. Mọ́mì àti Sà jọ wọlé ni, mi ò gbọ́ kò kò kà kankan, Mọ́mì wọ sílípáàsì lọ́jọ́ yẹn, mi ò ráyè so ọwọ́ ọmọ padà. Wọ́n fẹ́ fi kíláàsì wọn yangàn fún Sà. Wọ́n nàka sọ́mọ yẹn pé kó wá ka ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Ó kà á tán, kò ṣì í. Inú Mọ́mì dùn, wọ́n mú bisikíìtì jáde lápò, wọ́n nà án sí i. Ọmọ na ọwọ́ òsì.

Ta ni ò mọ̀ pé wọn kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Àwọn ọmọ yẹn gan-an mọ̀. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyẹn: mo ní kó máa fi òsì kọ̀wé, mi ò rántí sọ fún un pé kó fi ọ̀tún gba nǹkan. Mọ́mì gbá ọwọ́ yẹn, bisikíìtì já bọ́.

"Ta ló tú ẹ?"

Ọmọ nàka sí mi. Òsì náà ló fi nàka.

Mọ́mì mú gèlè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ó níṣojú Sà, wọ́n fà á débi pé ìka ọmọ ń pọ́n. Mo wojú Sà. Mo ní wọ́n máa sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n máa sọ̀rọ̀ báyìí. Sà yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún.

"Sà, ẹ sọ̀rọ̀ o!"

"Ọmọ mi, fara balẹ̀."

"Mi ò fara balẹ̀! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa? Àbí Sátidé nìkan lẹ̀kọ́ yín ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ìdúró ni mo wà. Mo nàka sí Sà lójú, mo tún yíjú sí Mọ́mì. "Ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀! Ṣé àgbò iléyá ni?"

Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Jáde nílé-ìwé mi."

Sà bá mi ní géètì. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn onílé-ìwé tó ń gbà wá láyè ò pọ̀, tí Mọ́mì bá ti ilẹ̀kùn, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ò ní ríbi kọ́ṣẹ́. "Wá ní Mọ́ńdè, kó o kúnlẹ̀ bẹ Mọ́mì níbi tó o ti bú wọn, níwájú àwọn ọmọ. Wọ́n tún ní ìwọ lo máa máa so ọwọ́ ọmọ yẹn láràárọ̀."

"Tí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

Sà wolẹ̀. "Kó o má wá Sátidé mọ́ nìyẹn."

Mo ní ó kéré tán, ìyá àgbà máa gbè mí. Mo bá wọn lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀kadà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò dáhùn.

"Ìwọ ni Àǹtí tó ń tú u?"

"Èmi ni mà."

"Kí lọmọ mi fi ṣe ẹ́? Èmi náà, òsì ni mo gbé wáyé. Ìyá mi tètè kú, kò sẹ́ni tó so tèmi. Ìgbà tí mo délé ọkọ, mo gbé omi fún bàbá ọkọ mi, mi ò rántí, mo fi òsì gbé e. Wọ́n da omi yẹn nù sẹ́nu ọ̀nà níṣojú gbogbo ilé. Títí wọ́n fi kú, wọn ò gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n da tọmọ mi náà nù ni?"

Mo fẹ́ sọ pé ayé ti yí padà. Èwo ló yí padà níbẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kíláàsì yẹn ni.

Ọ̀la ni Mọ́ńdè. Ìyá mi ti lọ aṣọ mi, wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní eékún lásán ni mo máa fi kanlẹ̀, kò ní bó. Tí mo bá kúnlẹ̀, ọwọ́ mi ni wọ́n máa fi máa so ọmọ yẹn. Tí mi ò bá kúnlẹ̀, irun ni màá máa dì títí ọjọ́ alẹ́, ọmọ á dẹ̀ wà ní síso náà. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ibi tó dáa ò sí níbẹ̀.

Jímọ̀ tó kọjá, mo wà nínú kẹ̀kẹ́, ó rọra ń lọ níwájú ilé-ìwé yẹn nítorí kòtò. Mo juwọ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì wa lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ rí mi, gbogbo wọn ń juwọ́, "Àǹtí! Àǹtí!" Òun nìkan ló kàn ń wò mí. Ọwọ́ tó fi máa ń juwọ́ wà nínú gèlè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹnu mi mú jù, ẹ dá mi lóhùn. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, tí bisikíìtì já bọ́, tí ìka ọmọ ń pọ́n, tí Sà ń nu gíláàsì, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?