Bí Méèlì Tàńtí Ṣe Gba Inú Odi Bírò Kọjá

Òórùn eruku gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí bírò wa lẹ́bàá ọjà Ouando. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kò ní fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn ẹ̀rọ sí, tí ooru ń tú jáde lẹ́yìn wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí o bá ṣílẹ̀kùn, eruku yẹn á kọ́kọ́ gbá ọ nímú, òórùn ẹja yíyan láti inú ọjà á sì tẹ̀ lé e, nítorí ihò kan wà lókè ògiri tí wọ́n gba wáyà kọjá. Èmi nìkan ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ wa ní ní Àjàṣẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ wa ni láti ṣe ìwé fún ẹrù tó ń gba ẹnubodè Kraké lọ sí Nàìjíríà, tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, kò sì sí ìwé kan tí kì í gba inú méèlì. Bí méèlì bá dákẹ́ fún wákàtí kan péré, àwọn tó ni ẹrù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí fóònù.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwé náà jù láàárín wa ni obìnrin kan tí gbogbo bírò ń pè ní Tàńtí. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà wọlé. Ó lè wo ìwé ẹrù lẹ́ẹ̀kan, kó sọ fún ọ pé òǹtẹ̀ kan kù, kó tó di pé o rí ibi tí òǹtẹ̀ ń gbé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ojú gbogbo èèyàn ń tì mí, òun ló pè mí wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lásìkò oúnjẹ, tó bu èkọ rẹ̀ sí méjì, tó ní kí n jẹun, pé ẹ̀rọ kì í sá lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kéré lójú ẹni tó ṣe é. Lójú ẹni tí wọ́n ṣe é fún, kì í kéré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, alùpùpù akérò tó gbé e, èyí tí à ń pè ní zẹ́mì, yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì gbé Tàńtí ṣubú. Egungun itan rẹ̀ dá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí ọ̀gá àgbà fi pè mí sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Ó ní, “Àwọn oníbàárà ń kọ̀wé sí Tàńtí, kò sẹ́ni tó ń dá wọn lóhùn. Ṣé o lè ṣe é kó máa ka méèlì rẹ̀ láti ilé?”

Mo ní, “Mo lérò pé mo lè ṣe é, Ọ̀gá.”

“Mo fún ọ di ọjọ́ Ajé. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Tàńtí á kúkú lọ sinmi.”

Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń wo tábìlì tó ṣófo. Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ló kù kí Tàńtí fẹ̀yìn tì bó ṣe yẹ, èmi sì mọ̀ pé ẹni tó bá ní kó lọ sinmi lórí ibùsùn àìsàn, ó ti lé e lọ nìyẹn. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ti pinnu pé kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dí wa lọ́nà kò ṣòroó ṣàlàyé. Inú ilé-iṣẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń tọ́jú méèlì wa wà, odi kan sì yí i ká, èyí tí àwọn olóyìnbó Faransé ń pè ní pare-feu. Ẹ̀rọ ni odi ọ̀hún. Ó dúró láàárín bírò àti ayé ìta, ó ń wo gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá jókòó nínú bírò, ó mọ̀ ọ́n, á jẹ́ kó ka méèlì rẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé rẹ̀, àlejò ni lójú odi, á sì dá a padà láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Èmi kọ́ ni mo ní àṣẹ lórí odi yìí. Ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Kútọnu ló ni àṣẹ náà, ọkùnrin kan tí mo mọ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí mi ò fojú rí rí. Mo pè é lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí.

Ó ní, “Rárá. Mi ò ní lu ihò kankan sára odi yẹn nítorí ẹnikẹ́ni.” Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀nà àbùjá kan wà. Mo lè tẹ ìlà kan péré sínú ẹ̀rọ méèlì, kí gbogbo lẹ́tà Tàńtí máa dà jáde lọ sí àdírẹ́sì tó ń lò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò gba àṣẹ Kútọnu, kò sì sẹ́ni tó máa tètè mọ̀. Mo kó ìdùnnú mi lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ilé alámọ̀ pupa kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà, tí yàrá rẹ̀ kún fún òórùn ìpara tí wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀. Tàńtí nà gbalaja, ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó nítòsí rẹ̀, ó ń bó ọsàn fún un. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Tàńtí bi mí pé, “Ibo wá ni ìwé àwọn oníbàárà á máa gbé?”

“Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú irú àdírẹ́sì yẹn, lókè òkun.”

“Ọ̀gá Kútọnu mọ̀ sí i?”

“Rárá, Tàńtí.”

Ó jẹ ọsàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó fèsì. “Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò fi ìwé ẹnikẹ́ni pamọ́ sábẹ́ aṣọ jáde rí. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni mo máa fi dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.”

Ọkọ rẹ̀ na awẹ́ ọsàn kan sí mi. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ adùn ọsàn náà. Ṣùgbọ́n mo tibẹ̀ jáde pẹ̀lú ìpinnu tó le ju èyí tí mo gbé wọlé lọ, torí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wá kù, mo sì ti mọ̀ ọ́n: kí n lọ bá ọkùnrin tó ní rárá.

Lọ́jọ́rú, mo kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sójú ìwé kan. Ìgbà mẹ́rin ni mo ya á tí mo tún un kọ, nítorí pé mo ń bẹ̀bẹ̀ nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo sì ń jà nínú èkejì. Níkẹyìn, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ẹnì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ti ilé-iṣẹ́. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ilé rẹ̀ dé bírò, tí a tì lórí tì nídìí, tí ẹnikẹ́ni ò lè yọjú wo ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nọ́ńbà tuntun lórí fóònù Tàńtí nígbàkígbà tó bá fẹ́ wọlé. Méèlì nìkan ló máa rí; ìyókù ilé-iṣẹ́ á wà ní títì fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ takisí lọ sí Kútọnu. Ọ̀gá náà jẹ́ èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ súwẹ́tà nínú ọ̀sán gangan nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Kò ní kí n jókòó. Ó ka ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e lélẹ̀, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n rárá náà ni. Mo ti mọ̀ pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti múra ìjà sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n béèrè ohun mìíràn.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?”

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ júwe àga fún mi. Ó sọ fún mi pé níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ṣí ọ̀nà kan fún ọ̀gá kan tó ń rìnrìn àjò, òun sì gbàgbé láti tì í. Ibẹ̀ ni àwọn olè gbà wọlé, tí wọ́n fi ba gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ náà jẹ́. Ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀ràn náà.

“Èmi ni mo ṣí i,” bó ṣe sọ nìyẹn. “Òun ni wọ́n lé.”

Mo fa ìwé mi sáàárín àwa méjèèjì, mo sì bi í ní ìlà kọ̀ọ̀kan pé ibo ni olè lè gbà wọlé níbí. A jókòó tì í fún wákàtí méjì. Ó pa ìlà méjì rẹ́, ó sì fi mẹ́ta tirẹ̀ kún un, tí èyí tó kẹ́yìn ní pé ọjọ́ tí Tàńtí bá padà sí bírò ni a ó ti ọ̀nà náà pa. Níkẹyìn ó gbà, ìṣojú mi ló sì ti gbé e kalẹ̀ sínú odi. Bó ṣe parí, ó ní, “Lọ dán an wò lọ́la. Bí kò bá ṣiṣẹ́, má ṣe pè mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.”

Kò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ lọ sílé Tàńtí, èmi àti ọkọ rẹ̀ sì ti ibùsùn, tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀, súnmọ́ fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti mọ́ díẹ̀. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ṣí wẹ́rẹ́. Nọ́ńbà wọlé sórí fóònù Tàńtí, ó pè é fún mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí méèlì, ó kàn ń yí po, ó ń yí po, ó wá ní òun ò rí ẹ̀rọ tí òun ń wá. Mo tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Òógùn ń kán láti iwájú orí mi sórí aṣọ ìbora Tàńtí. Òun kò gbójú kúrò lára mi. Ó ti tó ọ̀sán kí n tó gbà pé àfi kí n pe Kútọnu. Mo pè é, mo sì sọ kí ó tó sọ̀rọ̀ pé mo mọ ohun tó wí, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́, kó ka ohun tí odi kọ sílẹ̀ láàárín wákàtí yẹn fún mi.

Mo gbọ́ tó fa àga.

“Mo rí i tí kọ̀ǹpútà náà wọ ọ̀nà abẹ́lẹ̀,” ó ní. “Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn méèlì rárá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Bí odi bá lé wa padà ni, ì bá kọ ọ́ sílẹ̀. A jẹ́ pé a ò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Orúkọ tí ẹ̀rọ méèlì wa ń jẹ́, inú bírò nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà Tàńtí ń lọ béèrè orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn ará ìta, wọ́n sì ń dá a lóhùn pé àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó máa gba ọ̀nà abẹ́lẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó mọ orúkọ ará ilé, a kò sì fún un láyè láti dé ibẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá Kútọnu lórí fóònù. Ó ní, “Ìyẹn kò sí nínú ohun tí a jọ kọ.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́. Àṣìṣe mi ni.”

Mo rò pé ó máa gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ariwo ìka rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Béèrè orúkọ nìkan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tún un gbìyànjú.”

Mo tún un gbìyànjú. Lẹ́tà kan yọ, méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ́ wọlé bí ẹni tú àpò dà, gbogbo èyí tó ti ń dúró láti àárọ̀ ọjọ́ tí Tàńtí ṣubú. Tàńtí ní kí ọkọ òun fún òun ní gíláàsì ojú òun. Ó fi ìka wọ́ wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ti ọkùnrin kan tí ọkọ̀ àlùbọ́sà rẹ̀ ti dúró ní Kraké fún ọjọ́ márùn-ún, tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Tàńtí wo ìwé rẹ̀. Ó ní ojú ìwé kejì ni wọn kò bu ọwọ́ lù. Ó kọ ìlà mẹ́rin fún un, ó sì fi ránṣẹ́. Kí n tó palẹ̀ wáyà mi mọ́, èsì ti dé pé ọkọ̀ ti ń kọjá. Tàńtí yọ gíláàsì, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó ní kí n wo bí kò ṣe sí ìrora lẹ́sẹ̀ òun fún odindi ìdajì wákàtí.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà Tàńtí ti wà níwájú ọ̀gá àgbà kó tó jókòó. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló bi mí bóyá òun náà lè máa ka méèlì láti ilé. Mo ní kó pe Kútọnu. Mo gbọ́ pé Kútọnu ní rárá.

Oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ ni Tàńtí fi ṣiṣẹ́ lórí ibùsùn yẹn, lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn bírò lọ́jọ́ kan, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó parí ọdún méjì rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó padà, mo pe ọ̀gá Kútọnu, a sì jọ ti ọ̀nà náà pa, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè bó ṣe ń pa á rẹ́. Nígbà tó ka èyí tó kẹ́yìn tán, ó mí kanlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lé ló ń rò.

Ìgbà yẹn, mo rò pé ohun tí mo ṣe ni pé mo borí odi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bó bá jẹ́ pé bíborí rẹ̀ ni mo wá, ọ̀nà àbùjá ni ǹ bá gbà, Tàńtí ì bá sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa. Èèyàn méjì tí kò mọra wọn ni mo bá pàdé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ọ̀kan kò fẹ́ kí ìwé oníbàárà jáde, tí èkejì kò fẹ́ kí olè wọlé. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣọ́. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n má ṣe jẹ́ kó rẹ̀ mí láti máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, títí wọ́n á fi gbọ́ ara wọn.